Manchester United ní sáà 2025/26: ohun tí ẹ ń béèrè àti èsì tí mo ní

Ọ̀sẹ̀ tí Premier League tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀, 15 oṣù Ògọ́sì 2025, ni mo kọ èyí. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Arsenal ń bọ̀ wá bá wa ní Old Trafford, pápá wa. Kí ariwo ọjọ́ náà tó gba ìgboro, mo kó àwọn ìbéèrè tí àwọn ọmọ United ń bi ara wọn ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àti lórí WhatsApp jọ síbí. Mo ti yọ èébú kúrò nínú wọn. Ọmọ United ni èmi náà, ẹ má retí pé mi ò ní gbè sẹ́yìn wọn, àmọ́ ìṣirò kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, òun ni mo sì fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àlàyé yìí.

Báwo gan-an ni sáà tó kọjá ṣe burú tó?

Ó burú ju bí ẹ ṣe rántí rẹ̀ lọ. Ipò 15 la parí sí, pẹ̀lú pọ́ìǹtì 42. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, a borí 11, a ta ọ̀mì 9, wọ́n nà wá ní 18. Góòlù 44 la jẹ, 54 ni wọ́n gbá sínú àwọ̀n wa. Láti ìgbà tí Premier League ti wà, United kò tíì kó pọ́ìǹtì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá fẹ́ rí èyí tó burú jù ú lọ, àfi kó padà sí sáà 1973/74, nígbà tí ẹgbẹ́ náà já bọ́ sí ìpele kejì.

Ti ilé ló dùn mí jù. Ìgbà 9 ni wọ́n nà wá ní Old Trafford nínú líìgì nìkan: Liverpool, Tottenham, Nottingham Forest, Bournemouth, Newcastle, Brighton, Crystal Palace, Wolves, West Ham. Bournemouth jẹ mẹ́ta, Tottenham jẹ mẹ́ta, Liverpool náà jẹ mẹ́ta, a ò sì rí ẹyọ kan dá padà fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìgbà kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké máa ń gbàdúrà ọ̀mì kí wọ́n tó wọ pápá yẹn. Ní báyìí, pọ́ìǹtì mẹ́ta ni wọ́n ń bá wá.

Ìṣirò kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í sábà ṣe. Leicester, Ipswich àti Southampton ni ẹgbẹ́ mẹ́ta tó já. Nínú pọ́ìǹtì 42 tí a ní, 16 ló ti ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta yìí wá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 32 la gbá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ 16 tó kù, pọ́ìǹtì 26 la sì rí kó níbẹ̀. Ìyẹn kò pé pọ́ìǹtì kan fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ká ní àwọn mẹ́ta yẹn lágbára díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ lónìí.

Ṣé ẹ̀bi Amorim ni, àbí ti Ten Hag?

Wọ́n jọ pín in ni. Ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀kítóbà 2024 ni wọ́n lé Erik ten Hag tó jẹ́ kóòṣì wa, ipò 14 la sì wà. Ruud van Nistelrooy di ẹgbẹ́ mú fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, wọn kò nà án ní ìkankan. Ruben Amorim, kóòṣì tuntun, dé ní oṣù Nòfẹ́ńbà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 27 ló darí, pọ́ìǹtì 27 ló kó: ó borí 7, ó ta ọ̀mì 6, wọ́n nà án ní 14. Nínú àwọn 7 tó borí, mẹ́rin péré ló jẹ́ lórí ẹgbẹ́ tí kò já: Everton, Manchester City, Fulham àti Aston Villa.

Lẹ́yìn tí Brighton nà wá 3-1 nílé ní oṣù Jánúárì, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn oníròyìn pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àwọn ni ẹgbẹ́ United tó burú jù lọ nínú ìtàn. Kóòṣì mélòó ló máa ń la ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní òótọ́ inú ni, àwọn kan ní ó fi ọ̀rọ̀ náà fọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kàn. Ní tèmi, ó tọ́ kó sọ ọ́ nínú yàrá ìmúra, kò tọ́ kó sọ ọ́ níwájú kámẹ́rà.

Àwáwí tó ní nígbà náà ni pé àárín sáà ni òun dé, kò sí ààyè láti kọ́ wọn ní ètò òun, ẹlòmíì ló sì ra àwọn agbábọ́ọ̀lù náà fún ètò mìíràn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ní báyìí ó ti ní gbogbo oṣù Júláì pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ti ra iwájú tuntun fún un. Àwáwí yẹn ti tán.

Kí ni gbogbo ariwo 3-4-3 yìí?

Ètò tí Amorim kò gbà láti fi sílẹ̀ ni. Ẹ̀yìn mẹ́ta, àárín mẹ́rin, iwájú mẹ́ta. Nínú àwọn mẹ́rin àárín, méjì ló ń dúró ní àárín gbùngbùn pápá. Àwọn méjì yòókù wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, àwọn ni iṣẹ́ wọn le jù, torí láti ẹnu ilé tiwa ni wọ́n ti ń sáré dé ẹnu ilé ẹlòmíì, tí wọ́n á tún sáré padà. Iwájú ní gbóńgbó kan, méjì ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjì yìí kì í lẹ̀ mọ́ ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá bíi wínga, inú ni wọ́n ń wọ̀. Ìdí nìyẹn tí Marcus Rashford àti Alejandro Garnacho kò fi bá ètò náà mu: wínga ni wọ́n, ètò yìí kò sì ní wínga.

Ètò náà kì í ṣe àlá lásán. Òun ni Amorim fi gba líìgì Portugal lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Sporting. Ti 2021 ni àkọ́kọ́ tí Sporting gbà lẹ́yìn ọdún 19, wọ́n tún gbà á ní 2024. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 2024, nígbà tí United ti gbà á ṣùgbọ́n tí kò tíì fi Lisbon sílẹ̀, Sporting rẹ̀ na Manchester City 4-1 nínú Champions League, Viktor Gyökeres sì jẹ mẹ́ta nínú mẹ́rin náà. (Gyökeres yìí kan náà ti di ti Arsenal báyìí. Ọjọ́ Àìkú la máa rí i. Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà.)

Ibi tí ẹsẹ̀ ètò náà kò ti múlẹ̀ ní England ni àárín. Ẹgbẹ́ tó pọ̀ ní Premier League ló ń kó èèyàn mẹ́ta sí àárín gbùngbùn, méjì làwa ń kó síbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjì wa bá jẹ́ àgbà tí iyára rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, tí èkejì sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti sáré síwájú, bọ́ọ̀lù kan péré ti tó láti kọjá lórí wọn lọ bá àwọn ẹ̀yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa láti oṣù Dìsẹ́ńbà títí dé oṣù Kẹrin nìyẹn.

Ta ni wọ́n rà, èló sì ni?

Matheus Cunha láti Wolves, mílíọ̀nù 62.5 pọ́ùn. Bryan Mbeumo láti Brentford, mílíọ̀nù 65, ó sì lè di 71. Benjamin Šeško láti RB Leipzig, bíi mílíọ̀nù 66, tí àfikún ọjọ́ iwájú lè gbé kọjá 73. Diego León, ọmọ ọdún 18 láti Paraguay, dé fún ẹ̀gbẹ́ òsì, àmọ́ ti ọ̀la ni ìyẹn.

Owó ńlá ni lóòótọ́. Ẹ wá wo ohun tí owó náà rà. Ní sáà tó kọjá, Mbeumo jẹ góòlù 20 nínú líìgì, Cunha jẹ 15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35. Gbogbo United, láti orí aṣọ́lé dé orí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, 44 ni wọ́n jẹ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 38 ni Mbeumo gbá fún Brentford, kò pa ọ̀kan jẹ. Fún ẹgbẹ́ tó máa ń ra ẹni tó jẹ́ pé yàrá dókítà ló ti ń lo ìdajì sáà, ìyẹn gan-an tó nǹkan.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa àwọn méjèèjì ni pé Premier League ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti mọ òtútù oṣù Jánúárì, wọ́n ti mọ bí àwọn ẹ̀yìn ibẹ̀ ṣe ń fi èjìká tini. Ọdún mélòó la ti fi ń ra orúkọ láti ilẹ̀ òkèèrè tí a ó wá máa sọ pé ká fún un ní àkókò? Antony tí a rà láti Ajax náà gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn títí.

Cunha ló gba nọ́ńbà 10 tí Rashford ń wọ̀. Ẹ̀rù aṣọ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ṣé Šeško kò ní di Højlund kejì?

Ìbéèrè tó dára nìyí, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ra Rasmus Højlund ní 2023 láti Atalanta ní mílíọ̀nù 64 pọ́ùn, àfikún sì wà lórí rẹ̀. Góòlù mẹ́rin ló jẹ nínú líìgì sáà tó kọjá. Oṣù mẹ́rin péré ló fi ju Šeško lọ. Ọmọ ọdún 22 ni àwọn méjèèjì, wọ́n ga, wọ́n yára, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ti wá.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé Šeško ti jẹ góòlù 14 àti 13 nínú líìgì Jámánì ní sáà méjì tẹ̀léra, nígbà tó jẹ́ pé 9 ni Højlund jẹ ní Ítálì kó tó wá. Ó tún ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá a, ó sì mọ orí í lò.

Ṣùgbọ́n Højlund kò burú tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wà tí bọ́ọ̀lù kan péré kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí àwọn tó wà lẹ́yìn Šeško kò bá fún un ní oúnjẹ, ebi á pa á bó ṣe pa ẹnì kejì rẹ̀. Ìyẹn ni Cunha àti Mbeumo ṣe ṣe pàtàkì ju Šeško fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má retí ju góòlù 12 lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ yìí. Bó bá jẹ 15, ẹ bá mi yọ̀.

Àárín ńkọ́?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo owó tí wọ́n ná, iwájú ni wọ́n ná an sí. Christian Eriksen ti lọ, wọn kò ra ẹnikẹ́ni dípò rẹ̀. Casemiro ti di ọmọ ọdún 33. Manuel Ugarte lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹni, àmọ́ bó bá ti gbà á tán, ó máa ń dà bíi pé kò mọ ẹni tí yóò fún. Kobbie Mainoo, ọmọ ọdún 20, ló ní ẹsẹ̀ tó rọ̀ jù nínú wọn, síbẹ̀ kò dá Amorim lójú pé ó lè sáré tó fún iṣẹ́ méjì àárín.

Ó ku Bruno Fernandes. Ní sáà tó kọjá, góòlù 19 ló jẹ nínú gbogbo ìdíje. Láìsí i, mi ò fẹ́ ronú ibi tí à bá wà. Al-Hilal ti Saudi Arabia wá fi owó rẹpẹtẹ lọ̀ ọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ó kọ̀. Nísinsìnyí tí Cunha àti Mbeumo ti gba ipò méjì ẹ̀yìn gbóńgbó, ó dà bíi pé Amorim fẹ́ fa Bruno sẹ́yìn kó di ọ̀kan nínú àwọn méjì àárín. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù lọ nínú sáà yìí. Bruno á fún wa ní bọ́ọ̀lù gígùn tó ń ya ẹ̀yìn ẹlòmíì sí méjì, òótọ́ ni. Àmọ́ kì í dúró sí ojú kan. Bó bá ti gbọ́ òórùn góòlù, á lọ. Ta ni yóò wá dúró ti Casemiro?

Wọ́n ní wọ́n ń wo Carlos Baleba ti Brighton. Brighton kì í ta ọjà wọn ní pọ́ọ́kú, gbogbo ayé ló mọ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: ẹgbẹ́ tó ra iwájú mẹ́ta lórí àárín tí kò yí padà, ìrì oṣù Nòfẹ́ńbà ni kó ṣọ́ra fún.

Aṣọ́lé ńkọ́?

Andre Onana fi iṣan itan ṣèṣe ní oṣù Júláì, nítorí náà Altay Bayındır ló ṣeé ṣe kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú Lyon ní oṣù Kẹrin: Onana ṣe àṣìṣe méjì, Lyon sọ méjèèjì di góòlù. Amorim fún un ní ìsinmi, ó gbé Bayındır wọlé sí Newcastle, Newcastle sì jẹ mẹ́rin. Ó yẹ kí wọ́n ra aṣọ́lé kí ọjà tó tì ní ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà.

Àwọn ẹ̀yìn?

Ibẹ̀ kò burú. Matthijs de Ligt, Leny Yoro, Harry Maguire, Luke Shaw, Ayden Heaven. Lisandro Martínez ṣì ń tọ́jú orúnkún tó bàjẹ́ ní oṣù Fẹ́búárì. Yoro ni mo ń wò jù, ọmọ ọdún 19 tó ń gbá bọ́ọ̀lù bí àgbà.

Ta ló ń lọ?

Rashford ti lọ sí Barcelona ní àyálò, wọ́n sì lè rà á pátápátá bó bá wù wọ́n. Adéhùn Eriksen àti Victor Lindelöf ti parí. Jonny Evans fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ láti máa bójú tó àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n yá síta. Garnacho, Antony, Jadon Sancho àti Tyrell Malacia ni wọ́n ti sọ fún pé kí wọ́n wá ibòmíì lọ. Wọ́n ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀, wọn kò bá àwọn yòókù ṣe é.

Mo lóye rẹ̀ pé kóòṣì kò fẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti lọ. Àmọ́ bí oníṣòwò bá ti kéde fún gbogbo ọjà pé òun kò fẹ́ ẹrù òun mọ́, ta ni yóò san owó gidi lé e lórí? Àṣà tó ń pa United lówó láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Àìsí wa ní Yúróòpù, ṣé àǹfààní ni àbí ìtìjú?

Méjèèjì ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìtìjú kúrò nílẹ̀. A lọ sí àṣekágbá Europa League ní Bilbao ní 21 oṣù Kárùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà wá nínú ìdíje náà. Nínú kòmẹsẹ̀-ó-yọ, Lyon ti ń fi 4-2 ṣáájú ní àfikún àkókò, ó ku ìṣẹ́jú bíi mẹ́fà, a sì jẹ mẹ́ta: Bruno, Mainoo, Maguire. Ẹni tó bá sùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ọmọ United. A wá dé àṣekágbá, a bá Tottenham tó wà ní ipò 17, góòlù kan tí Brennan Johnson jẹ kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí ló sì tán an. Champions League lọ, Europa lọ, owó lọ. Láti sáà 2014/15, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí United kò ní sí ní Yúróòpù rárá.

Àǹfààní rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 60 la gbá ní sáà tó kọjá, 15 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Europa League. Ní sáà yìí, bí a bá tètè já nínú àwọn ife abẹ́lé, ó lè má ju 40 lọ. Amorim á ní ọ̀sẹ̀ gbáko láti fi kọ́ wọn ní ètò rẹ̀ láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan sí èkejì, ohun tí kò ní rárá ní ọdún tó kọjá.

Ìtàn sì wà lẹ́yìn àwọn tó ń sọ pé yóò ràn wá lọ́wọ́. Liverpool parí sí ipò 7 ní 2013, wọn kò lọ sí Yúróòpù, ipò 2 ni wọ́n parí sí ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Arsenal fò láti 8 sí 5 ní 2022. Newcastle bọ́ láti 7 sí 5 ní ọdún yìí, wọ́n tún gba Carabao Cup lé e. United fúnra wa, lábẹ́ Louis van Gaal ní 2014/15, láti 7 sí 4. Èyí tí gbogbo ọmọ United fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí ni ti Chelsea: ipò 10 ní 2016, Antonio Conte dé, ó gbé 3-4-3 wá lẹ́yìn tí sáà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gba líìgì 2017 pẹ̀lú pọ́ìǹtì 93. Kò sí Yúróòpù, 3-4-3 wà níbẹ̀. Ó jọ tiwa, àbí?

Kò jọ ọ́. Chelsea yẹn ti gba líìgì ní 2015. Eden Hazard wà níbẹ̀, wọ́n sì ra N'Golo Kanté, àárín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Leicester gba líìgì. Àárín ni wọ́n rà! Chelsea tó jọ tiwa ni ti 2023: ipò 12, pọ́ìǹtì 44. Láìsí Yúróòpù, wọ́n bọ́ sí ipò 6 ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dé ipò 4. Òṣùwọ̀n tó yẹ wá nìyẹn.

AFCON ńkọ́? Ta ló máa lọ?

Ìdíje náà bẹ̀rẹ̀ ní Morocco ní 21 oṣù Dìsẹ́ńbà, ó parí ní 18 oṣù Jánúárì. Mbeumo àti Onana jẹ́ ti Cameroon, Amad Diallo jẹ́ ti Côte d'Ivoire, Noussair Mazraoui jẹ́ ti Morocco tó gbà wọ́n lálejò. Cameroon àti Côte d'Ivoire tún wà nínú ìsọ̀rí kan náà, nítorí náà Mbeumo àti Amad á kojú ara wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wa pátá ló ń lọ yẹn, ní àkókò ọdún Kérésì tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ó máa wu ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ọmọ United kí Super Eagles na gbogbo wọn, kí wọ́n tètè padà sí Manchester.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ yìí?

Ó wà. Patrick Dorgu, ẹ̀gbẹ́ òsì tí wọ́n rà láti Lecce ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Fẹ́búárì, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, Denmark ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Chido Obi, ọmọdé tó ń jẹ góòlù bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà nínú ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Ìyá Joshua Zirkzee náà, ọmọ Nàìjíríà ni. Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀, ló kọ́kọ́ wọ aṣọ náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ní 2020. Shola Shoretire tún gba ibẹ̀ kọjá kó tó lọ sí PAOK, orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó ti ṣẹ̀.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìmúrasílẹ̀ dára. Ṣé kò túmọ̀ sí nǹkan kan?

Díẹ̀. A na West Ham 2-1 ní Amẹ́ríkà, a na Bournemouth 4-1, a ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Everton. Ó dùn ún wò. Àmọ́ nínú oṣù Kárùn-ún kan náà tí a pàdánù ní Bilbao, ikọ̀ àjọṣe ilẹ̀ Gúúsù Ìlà-oòrùn Éṣíà nà wá 1-0 ní Kuala Lumpur, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ìyẹn túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ mú èkejì.

Ratcliffe àti àwọn Glazer ńkọ́?

Àwọn Glazer ló ṣì ni ìpín tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà, Jim Ratcliffe ló ń darí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù láti 2024. Ó ti dá òṣìṣẹ́ bíi 250 dúró, ó tún kéde pé àwọn 200 lè tẹ̀ lé wọn. Ó gbé owó tíkẹ́ẹ̀tì dé 66 pọ́ùn ní àárín sáà, fún àgbà àti ọmọdé bákan náà. Ó gba Dan Ashworth gẹ́gẹ́ bí olùdarí eré ìdárayá, oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ó ní kó máa lọ. Ní oṣù Kẹta 2025 wọ́n fi àwòrán pápá tuntun han ayé, tí yóò gba èèyàn 100,000. Ẹgbẹ́ tó wà ní ipò 15! Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Owó ń dínkù lóòótọ́. Àdéhùn Adidas nìkan, mílíọ̀nù 10 pọ́ùn ni wọ́n ń yọ fún sáà kọ̀ọ̀kan tí a kò bá sí nínú Champions League. Síbẹ̀ wọ́n rí owó iwájú mẹ́ta. Ẹni tó bá ní àwọn Glazer kò náwó rí, ẹ bá a wí. Wọ́n ná an, wọn ò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ná an sí ni.

Ẹgbẹ́ mìíràn ha ti kọ́ra jọ láti irú ibí yìí rí?

United fúnra wọn, lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n já ní 1974, wọ́n padà wọlé ní 1975, ipò 3 ni wọ́n wà ní 1976, wọ́n gba FA Cup ní 1977 lábẹ́ Tommy Docherty. Alex Ferguson náà, ipò 13 ló parí sí ní 1990, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ààbọ̀ lórí iṣẹ́, ariwo pé kí wọ́n lé e sì ti gba ìgboro. FA Cup ọdún yẹn ló fún un ní ẹ̀mí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló gba líìgì, àkọ́kọ́ fún United lẹ́yìn ọdún 26. Àmọ́ láyé òní, kò sẹ́ni tó máa fún kóòṣì ní ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Láti ìgbà tí Ferguson ti lọ ní 2013, Moyes, Van Gaal, Mourinho, Solskjær àti Ten Hag ti jókòó sórí àga yẹn, ká má tíì ka àwọn adelé.

Wọ́n á lé Amorim kí Kérésì tó dé?

Ẹ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́: Arsenal nílé, Fulham níta, Burnley nílé, City níta, Chelsea nílé, Brentford níta, Sunderland nílé, Liverpool níta ní 19 oṣù Ọ̀kítóbà. Mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún tó parí síwájú ní sáà tó kọjá wà nínú wọn. Bí a bá kó pọ́ìǹtì 11 nínú 24, ara á tù wá. Bó bá jẹ́ 7, àwọn oníròyìn á ti máa ka orúkọ àwọn kóòṣì tuntun. N kò rò pé wọ́n á lé e kí ọdún tó parí, torí ẹni tó ná nǹkan bí mílíọ̀nù 200 lórí ètò ẹnì kan kì í fẹ́ kó hàn pé òun ṣì í ná.

Ipò wo lo rò pé a máa parí sí?

Ipò 7, pọ́ìǹtì bíi 58 sí 60. Iwájú tuntun á fún wa ní góòlù 15 sí i, àìsí Yúróòpù á fún wa ní ẹsẹ̀ tó tutù, a ò sì lè pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nílé mọ́. Bí wọ́n bá ra àárín kan tó lè sáré kí ọjà tó tì, màá gbé e sí ipò 5. Bí Casemiro bá farapa ní oṣù Ọ̀kítóbà tí kò sì sí ẹlòmíì, ipò 10 kò jìnnà.

Àwọn ọmọ Arsenal ní àwọn á jẹ mẹ́rin lọ́jọ́ Àìkú.

Wọ́n ti ń sọ ọ́ láti 2004.

Ṣé kí n fi owó tẹ́tẹ́ lé United pé a máa wọ Champions League?

Rárá o. Ẹ dúró títí di ìgbà tí a bá kúrò ní Anfield, pápá Liverpool. Bí a bá ti wà nínú mẹ́jọ àkọ́kọ́ nígbà náà, tí Bruno ṣì ń rẹ́rìn-ín, ẹ tún bi mí.